Lẹ́tà Tí Kò Fẹ́ Kúrò Nílé

Kò sí ohun tó ń bí àgbàlagbà nínú bíi kí nǹkan dójú tì í níṣojú ọmọ tó ti nà rí. Mo na ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí rí. Kíláàsì mi ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣakí níbí, kó tó wá di nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ó gun ọ̀kadà wá láti Àgọ́-Àmọ̀dù, eruku ọyẹ́ bò ó lójú. Ọsibítù kan fẹ́ gbà á síṣẹ́, wọ́n ní kí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ fi lẹ́tà jẹ́rìí ìwà rẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Orí àdírẹ́sì ímeèlì mi tó kọ sínú fọ́ọ̀mù ni lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ ti wá, orí kọ̀ǹpútà tábìlì mi nìkan ni mo sì ti mọ̀ ọ́n lò.

Mo ti kọ lẹ́tà tán. Mo fi ránṣẹ́. Kò lọ. Ọ̀rọ̀ pupa kan yọ, ó ní òun kò lè bá sáfà sọ̀rọ̀, ìyẹn ibi tí gbogbo lẹ́tà ń gbà kọjá. Mo ní pásíwọ̀ọ̀dù ni. Mo tún un tẹ̀. Kò lọ. Mo ṣí ibi tí wọ́n ń to ètò sáfà sí, mo pa nọ́ńbà kan rẹ́, mo fi òmíràn sí i.

"Sà," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Dákẹ́ ná."

Ó dákẹ́. Ìyàwó mi gbé omi wá fún un. "Baálé mi, ká ní ẹ fi lẹ́tà yìí gun ọ̀kadà ni, ì bá ti débẹ̀."

"Lọ wo iṣu tó wà lórí iná."

"Iṣu ti jinná tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò tíì jinná."

Ọmọbìnrin náà fi ife omi bo ẹ̀rín. Mo pa gbogbo ètò náà rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kò lọ. Aago ògiri ti lé ní mẹ́ta àbọ̀. Bí lẹ́tà yìí kò bá lọ, èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọdún wo la wà yìí?"

"Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni?"

"Rárá o, sà. Ti kọ̀ǹpútà ni mò ń bèèrè."

Ó nawọ́ sí igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà mi wà! Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú. Bí iná bá ti lọ, aago rẹ̀ a padà sẹ́yìn. Mo mọ̀, àmọ́ ògiri ni mo ti ń wo aago. Mo wá ka ọ̀rọ̀ pupa náà dópin: ó ní ọjọ́ tí ìwé àṣẹ sáfà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò tíì pé. Èmi tí mo ń fi pàṣán kọ́ wọn pé kí wọ́n ka ìbéèrè dópin! Orúnkún ló ń dùn ún, inú ni mo ń fún lóògùn.

A tún ọjọ́ ṣe. Àwọn nọ́ńbà tí mo ti pa rẹ́ ńkọ́? Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́: ó ti fi báírò kọ wọ́n síbẹ̀ kí n tó pa wọ́n rẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú méje kí aago mẹ́rin lù nígbà tí lẹ́tà lọ.

"Ìgbà wo lo ti rí i?"

"Látìgbà tí mo ti jókòó, sà."

"O sì dákẹ́?"

"Ẹ ní kí n dákẹ́. Ìgbà tí mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu ní kíláàsì, ṣé ẹ rántí ohun tí ojú mi rí?"

Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù náà báyìí. Bó bá yà kí mi, kò ní tíì kúnlẹ̀ tán tí ojú rẹ̀ á ti wà ní igun kọ̀ǹpútà. N kò sì tíì ra bátìrì náà.