Lọ́rì Gíga Bàbá Mi

Láàárọ̀ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa wa jíìpù rẹ̀ wọlé. Ó ti gbé e ga débi pé díẹ̀ ló kù kó máa fi àkàbà gùn ún. Bó ṣe ń yí sítíárìn, irin kan ń dún lábẹ́ rẹ̀: kéú, kéú, kéú. Inú bí mi. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí èmi àti ohùn irin yẹn ti ń bá ara wa ṣọ̀tá.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnká, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà Bẹẹrẹ. Bàbá mi ní lọ́rì onípákó tó fi ń kó kòkó. Àbúrò rẹ̀, ọbàkan rẹ̀ tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ń tún un ṣe. Nígbà tí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ń mú lọ́rì náà ṣáá, Bàbá mi ní kí alágbẹ̀dẹ kan ní Ọjà'ba fi irin kún sípíríǹgì rẹ̀, kó lè ga sókè. Bàbá Kékeré ní gíga yẹn á tú sítíárìn ká. Bàbá mi bi í lójú èrò pé kí ni ọmọ ìyàwó kejì mọ̀ ju gírísì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti yan ara wọn lódì.

Kò pẹ́ tí sítíárìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì lóòótọ́, tí irin abẹ́ rẹ̀ sì ń dún kéú, kéú. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni kí wọ́n gbé mọ́tò agboolé lọ fún ará ìta nígbà tí mẹkáníìkì wà nílé. Wọ́n á fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, wọ́n á ti ìtì igi sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Kékeré á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, Bàbá mi á jókòó sókè, á máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹni ìsàlẹ̀ lè rí oríkèé tó ti dẹ̀. Iṣẹ́ ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ ni. Èmi ni wọ́n wá fi ṣe ẹnu.

"Sọ fún ọkùnrin yẹn kó yí i sọ́tùn-ún."

"Sọ fún alágídí yẹn pé mo ti yí i."

Wọ́n ń gbọ́ ara wọn ketekete o. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mira títí mo fi máa tún un sọ, tèébú tèébú. Mo kórìíra àwọn méjèèjì nígbà yẹn, mi ò ní purọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ti sọ lọ́rì kalẹ̀, Bàbá mi sì ti tan ẹ́ńjìnnì, ariwo gba gbogbo ojúde. Bàbá Kékeré ní, "Sọ fún òpònú yẹn kó dúró. Ó ku nọ́ọ̀tì kan tí mi ò tíì fún le."

Mo káwọ́ gbera. "Ẹ lọ sọ fún wọn fúnra yín."

Ó wò mí, ó pòṣé. Àfìgbà tí lọ́rì gbéra ló tó sáré tẹ̀ lé e. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dúró!" Bàbá mi wo dígí, ó rí i, ó sì tẹ iná sí i. Nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, táyà dédé yà sósì, lọ́rì sì kó sínú kòtò. Ẹsẹ̀ Bàbá mi kán sí méjì.

Nílé ẹni tó ń to eegun, Bàbá Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n kú ewu."

Bàbá mi kọjú sí ògiri. "Sọ fún un pé mo gbọ́ nígbà tó pè mí."

Mo jíṣẹ́ náà. Òun ló kẹ́yìn, nítorí wọn ò tún fi ọ̀rọ̀ rán mi síra wọn mọ́, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kú. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sin wọ́n sí nínú agboolé.

Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà wa báyìí, a ò sì rí lọ́rì onípákó mọ́. Ìkùnsínú ò lọ síbì kan, tèmi náà wà níbẹ̀. Mo ti fi orí ji àwọn àgbàlagbà méjèèjì. Ọmọ tó káwọ́ gbera ni mi ò tíì lè fi orí jì.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọmọkùnrin náà ti wà lábẹ́ jíìpù, àbúrò rẹ̀ ló wà nídìí sítíárìn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Mo fa àpótí, mo jókòó síwájú mọ́tò náà, mo ní kí wọ́n máa bá a lọ kí n máa gbọ́.