Ògiri Ilé Wa ní Hwolshe

Ó ti rẹ̀ mí kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde, wọ́n sì gbà mí sí ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìlú ní Jos. Kì í ṣe àárẹ̀ ara ni mo ń sọ. Ẹ̀rù ló máa ń bà mí láràárọ̀ pé n óò ṣe àṣìṣe, irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sì máa ń tán ènìyàn lókun ju iṣẹ́ lọ.

Ètò tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ kò burú. Bọ́ọ̀sì ìjọba yóò máa ti Hwolshe, àdúgbò wa, lọ sí àárín ìlú, àwọn ilé tó bá sún mọ́ ibùdókọ̀ yóò sì di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa gbé níbi tí wọn kò ti ní rìn jìnnà kí wọ́n tó wọkọ̀. Àwọn olówó tó ń gbé Rayfield ní mọ́tò tiwọn. Àwa tí a kò ní ni ètò náà wà fún. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mo ṣì gbà á gbọ́, ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú.

Kò sí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì náà bíi bàbá mi. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Gangare láàárín ìlú, ilé tó kọ́ wà ní Hwolshe, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀. Orúnkún ti ń dùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí bọ́ọ̀sì.

Èmi ni mo ń gbé fọ́ọ̀mù láti ilé dé ilé lẹ́bàá ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì yóò gbà: yàrá mélòó, ènìyàn mélòó, ṣé amọ̀ ni ògiri àbí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló kó mi sí ìjàngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Jos ló ń fi amọ̀ kọ́lé, tí wọn a wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lóde, tí wọn a sì kùn ún, tí ojú kò ní lè mọ̀ ọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe kọ́ tiwa. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wa, ọkàn mi sọ fún mi pé ilé amọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wó. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú tún ń tì mí, n kò fẹ́ kí ọ̀gá mi mọ̀ pé inú ilé amọ̀ ni mo ti ń de táì jáde. Mo kọ "búlọ́ọ̀kù". N kò sọ fún bàbá mi.

Nígbà tí òfin ètò náà jáde, wọ́n pe gbogbo onílé jọ sí iwájú ilé mai-angwa, olórí àdúgbò. Ọ̀gá mi ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa. Ilé búlọ́ọ̀kù tó wà nítòsí ibùdókọ̀ gbọ́dọ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹni tí kò bá lè kọ́ ọ yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó lè kọ́ ọ, ìjọba yóò fún un ní ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ìlú. Amọ̀ kò lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí náà wọn kò ní fọwọ́ kan ilé amọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo túmọ̀ gbólóhùn yẹn, bí ẹni pé yóò yí padà.

Wọ́n wá ka ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ka tiwa: búlọ́ọ̀kù.

"Haba, Baba Télọ̀!" Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, káfíńtà ará Ìlọrin. "O ti lówó, o ò sọ fún wa! Àbí amọ̀ tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ fẹsẹ̀ pò ló di sìmẹ́ńtì?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo wọn ni yóò sọ pé amọ̀ ni báyìí, ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù lòun mọ̀.

Bàbá mi wò mí. "Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n á wó o ni."

"Ṣé ẹ̀rù nìkan ni?"

Bàbá mi gba hámà lọ́wọ́ káfíńtà, ó rìn lọ sí ilé wa tí kò jìnnà, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ògiri tó kọjú sí títì, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń kùn kí ọdún tó dé, ló dojú kọ. Ó lù ú, ó tún lù ú. Sìmẹ́ńtì ya lulẹ̀. Amọ̀ pupa yọ, pẹ̀lú koríko tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ó sọ fún ọ̀gá mi ní Hausa pé kó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá fọwọ́ kàn án, ó sì na fọ́ọ̀mù sí mi. Lójú gbogbo wọn ni mo fa ilà sórí "búlọ́ọ̀kù", tí mo kọ "amọ̀". Ilé wa bọ́ lọ́wọ́ òfin náà. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ńṣe ni mo fẹ́ jókòó sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé sìmẹ́ńtì wá láti dí ihò náà.

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá mi wí. "Wọ́n lè tún wá wò ó. Ọ́fíìsì yín kì í gbàgbé nǹkan kan, àfi bọ́ọ̀sì."

Òjò ti ń ṣú lójoojúmọ́. Mo fi ẹní àtijọ́ kan bo ògiri náà, mo sì fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè èmi àti bàbá mi jọ jáde, a jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí àárín ìlú. Ó mọ̀ pé mo ń rọra rìn nítorí orúnkún òun.