Ọkùnrin Tó Ṣílẹ̀kùn fún Àlejò

Ọkùnrin tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ nínú lẹ́tà náà, n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó sì kí àlejò tẹ̀rín tẹ̀rín. Wọ́n ní aṣọ rẹ̀ mọ́, ó fá irùngbọ̀n, ó sì sọ pé òun ló se ìrẹsì tó wà lórí tábìlì. Nítorí náà, wọn kò rí ìdí tí ìjọba fi gbọ́dọ̀ máa fún un ní owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn aláàbọ̀ ara.

Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n ń sọ, àbíkẹ́yìn ìyá wa. Báàsì ló ń wà nílùú Òyìnbó yìí kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá òsì. Apá náà kò lè gbé nǹkan kan mọ́. Ẹsẹ̀ náà, ó ń wọ́ ọ ni. Kò lè dá wẹ̀, kò lè dá de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, bí ó bá sì fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ní ike lábẹ́. Mo jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ ní Dagenham East, mo ka lẹ́tà náà tán, mo tún un kà, bí mo ṣe máa ń ka ìwé ìdánwò ọmọ tó wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ.

"Ta ni ẹni yìí?" ni mo bi í.

"Ó jọ pé èmi ni," ó ní. "Ẹ ò rí i pé ara mi ti yá, Ẹ̀gbọ́n?"

Àwàdà ni iṣẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá nà án nílé ìwé, òun ló máa ń pa àwọn tó ń wò ó lẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ fi owó náà ṣe: kí ẹnì kan lè máa wá wà pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Chadwell Heath ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ ìyá àwọn ẹlòmíràn fún wọn nígbà tí ọkọ tirẹ̀ wà nílé láìwẹ̀. Bí kò bá lọ, wọn kò ní rí owó ilé san. Bí ó bá lọ, èmi ni mò ń wọ báàsì wá láti Rippleside, èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Lọ́jọ́ kan tí báàsì mi pẹ́, mo bá a nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ó ní òun ń wá nǹkan tó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fọkàn balẹ̀ mọ́. Bí mo bá wà nílé, etí mi á wà lára tẹlifóònù. Bí mo bá wà nínú báàsì, inú mi á máa ti awakọ̀ náà lẹ́yìn pé kó sáré.

N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rán obìnrin kan wá wò ó. Wọn kò sọ fún mi. Ìyàwó àbúrò mi kì í sọ nǹkan fún mi àfi tó bá ti bàjẹ́. Ọdún tó wọlé ọkọ ló ti ń sọ fún àwọn ará rẹ̀ pé obìnrin tí kò rí ọkọ tirẹ̀ mú dání ló fẹ́ wá máa darí ilé òun. Mo gbọ́ ọ nígbà náà. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Mo bi í bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí àlejò bá ń bọ̀, Àǹtí."

"Àlejò wo? Ẹni tí wọ́n rán wá wo àìsàn."

"Àlejò náà ni. Ó kúkú tẹ aago ẹnu ọ̀nà."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fà á yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó jí ní kùtùkùtù, ó wẹ ọkọ rẹ̀, ó fá irùngbọ̀n fún un, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun fún un, èyí tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé àga ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó fi ìborùn bò ó. Ó kó àwọn oògùn kúrò lórí tábìlì, ó ti ọ̀pá ìtilẹ̀ sẹ́yìn àga, ó tẹ́ aṣọ tábìlì tí wọ́n ń tẹ́ nígbà Kérésìmesì. Ó se ìrẹsì, ó dín ẹran. Nígbà tó rí i láti ojú fèrèsé pé obìnrin náà ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí, ó gbé ọkọ rẹ̀ dìde, ó mú un dé ẹnu ọ̀nà, ó fi èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti ògiri, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ìdìmú ilẹ̀kùn, ó sì sáré padà sí kíṣìnnì.

"Kí ló dé tó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kó lè jẹ́ pé òun ló gba àlejò sínú ilé rẹ̀."

"Ṣé àlejò náà jẹ ìrẹsì?"

"Omi ló mu."

"O sì gbé àga ìgbọ̀nsẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó wá wò ó."

"Ẹ fẹ́ kí n fi í sí àárín pálọ̀ kí àjèjì wá bá a níbẹ̀? Ẹ̀yin náà ò lè ṣe é, Ma. Ìyá yín ò lè ṣe é."

Èyí bí mi nínú nítorí pé òótọ́ ni. Nígbà tí àyà ń dun ìyá wa ní Ìjẹ̀bú, tí kò lè jáde ní yàrá, wọ́n kọ́ wa láti sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà pé ó lọ sí oko. Àwọn kan pàdé òkú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ṣàìsàn rárá. Ṣùgbọ́n ìyá wa kò bẹ ìjọba fún nǹkan kan.

Ìyàwó nìkan kọ́ ló sì jẹ̀bi. Nígbà tó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè owó náà ní ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìjọ wọn ló pàṣẹ fún un pé kó má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àrùn mọ́ ọkọ rẹ̀ lára. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ohun tí kò lè ṣe, ó kọ ọ́ pé ó ń sàn díẹ̀díẹ̀, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Mo mọ Ìyá Ìjọ yìí dáadáa. Nígbà tí ọkọ mi kó ẹrù rẹ̀ jáde, òun ló dìde láàárín ìsìn tó ní kí ìjọ gbàdúrà fún arábìnrin kan tí àkàjù ìwé ti lé ọkọ rẹ̀ lọ. Gbogbo orí ló yí sí mi. N kò tún tẹ ibẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó dé ìlú yìí. Ní ilé ìwé kan níbí, wọ́n wo ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Mo nu tábìlì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, mo kọ lẹ́tà yẹn bí ẹni pé gbogbo wọn ni mo ń kọ ọ́ sí. Wọ́n dá mi lóhùn ní ìdajì ojú ìwé pé àwọn ti wò ó, kò sí ohun tó yí padà. Ohun tó kù ni ká gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. A gbé e lọ. A dúró fún oṣù púpọ̀, mò ń wọ báàsì lọ, mò ń wọ̀ ọ́ bọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, mo bá ìyàwó tó ń lọ ẹ̀wù.

"Kí lo ń lọ ọ́ fún? Wọ ṣòkòtò onírọ́bà yẹn fún un, èyí tó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Fi irùngbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀."

"Kí n mú ọkọ mi jáde bí alágbe, Ma? Kí wọ́n ní kò ní ìyàwó?"

"Wọ́n ti ní kò ní àìsàn. Èwo ló burú jù?"

"Ẹ̀yin méjèèjì," àbúrò mi ní láti orí bẹ́ẹ̀dì, "mi ò tíì kú tí ẹ fi ń du aṣọ tí ẹ máa wọ̀ fún mi. Ẹ bá mi mú táì aláwọ̀ búlúù yẹn. Mi ò lè lọ síwájú adájọ́ pẹ̀lú ọrùn òfìfo."

Ibi tí a ti ń wọ bàtà fún un ni tẹlifóònù ìyàwó dún. Ìyá Ìjọ ni. Ìyàwó gbé e sétí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin náà kún gbogbo yàrá.

"Bàbá, tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ara yín le koko. Ẹ má fi ẹnu yín gba àìsàn o."

Mo gba tẹlifóònù náà. "Ìyá Ìjọ, ojú yín tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọsibítù, ṣé ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀ ń ríran?"

"Tíṣà," ó ní, "ẹ ò tíì yí padà."

"Mi ò yí padà," ni mo dá a lóhùn, mo sì pa tẹlifóònù náà. Inú mi dùn títí táksì fi dé.

Ẹni mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn kan: adájọ́ obìnrin, dókítà kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, àti ọkùnrin kan lórí àga onítáyà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àbúrò mi wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìjókòó. Kó tó dé ibẹ̀, adájọ́ ti bu omi, ó ti mu ún, ó ti gbé ife kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àbúrò mi ti jókòó, ó tẹrí ba fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní àwọn ló rán òjò ìta yìí sí òun kí òun má baà lè dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adájọ́ bèèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí.

"Dáadáa ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ òsì ni mo tẹ̀. Kò mọ̀.

Dókítà bèèrè nípa ìwẹ̀. Ó ní òun ń gbìyànjú. Dókítà bèèrè nípa oúnjẹ. Ó ní ìrẹsì òun, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á padà wá. Mo nawọ́ pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀, adájọ́ ní kí n dúró di ìgbà tó bá kàn mí. Gbogbo ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ wà nínú báàgì mi, mo sì ń wo ẹjọ́ náà bó ti ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́, tẹ̀rín tẹ̀rín.

"Táì yín dára," dókítà ní. "Ta ló so ó?"

"Èmi ni. Mo ti ń so táì kí wọ́n tó bí yín."

"Irọ́ ni," ìyàwó rẹ̀ ní.

Kò pariwo. Gbogbo wa wò ó.

"Èmi ni mo so ó. Ọrùn ara mi ni mo máa ń kọ́kọ́ so ó sí, màá tú u díẹ̀, màá wá fi bọ̀ ọ́ lórí. Kò tíì so táì látìgbà tí àìsàn yìí ti dé."

"Ó tó," àbúrò mi sọ fún un ní Yorùbá.

Kò dákẹ́. Ó sọ ti àga ìgbọ̀nsẹ̀ àti yàrá ẹ̀yìn. Ó sọ bí òun ṣe fi èjìká rẹ̀ ti ògiri, tí òun gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ìdìmú ilẹ̀kùn. Ó sọ bí òun ṣe ń yí i sápá kan kí òun tó lè nù ún nídìí, àti pé bí òun bá ti ń nù ún, ọkọ òun á máa sunkún, á ní kí òun tan rédíò kí àwọn ará ilé kejì má baà gbọ́. Ohùn kan náà ló fi ń sọ ọ́, ohùn tí mo gbà pé ó fi ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní Chadwell Heath nígbà tó bá fẹ́ lọ sílé. Adájọ́ ń kọ̀wé, kò gbójú sókè.

"Kí ló dé tí ẹ fi gbé gbogbo rẹ̀ pamọ́?" adájọ́ bèèrè.

"Àlejò ló wá," ìyàwó ní. "Mi ò lè jẹ́ kí àlejò bá ọkọ mi bẹ́ẹ̀."

Àbúrò mi ti sorí kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí etí táì náà po. Nígbà tó kàn mí, wọ́n bèèrè bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Mo ní kò sí. Ó dùn mí pé òun ló sọ ọ́, ó sì dùn mí pé n kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láé.

Wọ́n ní ká jáde, wọ́n tún pè wá wọlé, wọ́n ní àwọn ti yí ìpinnu náà padà. Wọn yóò máa san owó náà fún un. Ìyàwó dúpẹ́.

Ọkùnrin kan tó jẹ́ ará Gánà ló ń wá báyìí láàárọ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í pẹ́. N kò ní láti lọ mọ́, ṣùgbọ́n mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò mi jókòó sí ojú fèrèsé. Kò dápàárá kankan nígbà tí mo wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Títí dé ti rédíò?"

"Wọn ì bá má gbà wá gbọ́."

Ó ní kí n bá òun fa kọ́tìnnì, oòrùn ń wọ òun lójú. Kò sí oòrùn.

Ìyàwó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti múra fún iṣẹ́.

"Ọkùnrin yẹn nìkan ló ń jẹ́ kó wẹ òun," ó ní. "Tí èmi bá sún mọ́ ọn, á ní kí n lọ sinmi. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun mọ́, Ma. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?"

Mo gba báàsì padà sí Rippleside, mo sì ń bá wọn jà lọ lọ́kàn mi: obìnrin tó mu omi tí kò bèèrè ẹni tó gbé ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Ìjọ, adájọ́ tí kò gbójú sókè, ìyá mi tí a ní ó lọ sí oko. Mo ń wá bí à bá ṣe ṣe é tí à bá fi rí owó náà gbà, tí kò sì ní sí ẹni tó máa gbọ́ ẹkún rẹ̀. Nígbà tí mo wo ìta, báàsì ti gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀.