Ògbufọ̀ Tó Kú Níbi Ìpàdé Tí Kò Wáyé

Ògbufọ̀ ti kú. Ìbọn bà á lẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò kan ní orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá, níbi tí àwọn agbébọn ti gba gbogbo ìlú, tí ohun tó kù fún ìjọba ibẹ̀ kò ju ilé ààrẹ àti àsíá orí rẹ̀ lọ. Ta ló rán an lọ? Ìjọba wa ni. Kí ló lọ ṣe? Ìjọba wa ní àwọn ò mọ̀.

Ẹ má bínú sí wọn o. Ìlànà wa le bí òkúta: a kì í bá agbébọn sọ̀rọ̀. Mínísítà wa kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ rí. Ó kàn máa ń jókòó ti olórí wọn ni, yóò máa mu tíì, yóò dojú kọ ògiri, yóò sì máa bá Ògbufọ̀ sọ̀rọ̀. Bí Ògbufọ̀ bá wá yíjú sí ẹnìkejì, tó tún un sọ ní èdè tiwọn, ṣé ẹjọ́ mínísítà nìyẹn?

Àdúgbò kan náà lèmi àti Ògbufọ̀ jọ ń gbé. Bí tọkọtaya bá ń jà, òun la máa ń ké sí. Yóò gbọ́ ti ìyàwó, yóò yọ èébú inú rẹ̀ kúrò, yóò tún un sọ fún ọkọ, ẹ̀rín ni wọ́n á fi parí ẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Ìyàwó Ògbufọ̀ lọ sí ọ́fíìsì mínísítà. Fọ́tò mínísítà wà lára ògiri níbẹ̀. Wọ́n ti gé olórí agbébọn kúrò nínú rẹ̀, èjìká kóòtù ẹnì kan tó jókòó sáàárín wọn ló ṣẹ́ kù.

"Ọkọ mi nìyẹn, sà. Èmi ni mo rán kóòtù yẹn níbi tó ti ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba òkú ẹ̀."

Ọ̀gá kan níbẹ̀ mí kanlẹ̀. "Màmá, a ò mọ àwọn tí òkú náà wà lọ́wọ́ wọn. Báwo la ṣe fẹ́ bẹ ẹni tá ò mọ̀?"

"Ẹ bá wọn sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́."

"Ta ló máa bá wa túmọ̀ ẹ̀? Ọkọ yín ló ń bá wa ṣe é."

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ.

Mínísítà, ojú ò tì yín? Ẹ dojú kọ ògiri yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ rán an. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rán an. Obìnrin kan ti gbálẹ̀ yàrá, ó ti tẹ́ ibùsùn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbé ọkọ rẹ̀ wálé fún un.