Bùbá Tí Télọ̀ Fẹ́ Fi Wọ̀n

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ kékeré kan ní Àjàṣẹ́ tó ń gbèjà àwọn tó ń lo ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tí ẹrù rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kólì níbẹ̀, bá sọnù, èmi ni í bá a kọ̀wé ẹ̀sùn. Faransé mi dá ṣáká, ẹnu mi sì mú, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í fẹ́ rí mi sójú. Mo máa ń gbádùn rẹ̀, kí n má purọ́. Ìgbà tó wá kan ìyá mi ni mo rí i pé òfìfo ni gbogbo ariwo tí mò ń pa.

Ìyá mi ra aṣọ lọ́jà Àjàrá, wọ́n fẹ́ fi dá bùbá fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù. Télọ̀ ní òun kò lè méfò, pé kí wọ́n bá òun wá bùbá rẹ̀ àtijọ́ kan tí òun yóò fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ọ̀kan lọ́rùn, ó dì í, ó fi ránṣẹ́. Kò dé. Ibi tí a ti ń wá a kiri ni àìsàn ti mú ẹ̀gbọ́n mi. Ó kú, wọ́n sì sin ín sọ́hùn-ún. Kò níyàwó, kò bímọ.

“Bá mi wá bùbá yẹn,” ni ìyá mi ń wí ṣáá. “Ó ti kan ara ẹ̀. Kí n rí nǹkan sin sílé bàbá ẹ̀.”

Mo lọ sílé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí fèrèsé mọ̀ mí dáadáa.

“Mùsé, ẹ mọ òfin jù mí lọ. Ẹni tó fi kólì ránṣẹ́ ló ni ín, àfi tó bá dọ́wọ́ ẹni tó ń retí ẹ̀. Òun ló lè fẹjọ́ sùn.”

“Ó ti kú.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ìyá ẹ̀ wá fẹjọ́ sùn nípò ẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa rí ìwé ẹ̀rí ikú láti Gàbọ́ọ̀nù, ojúlówó.”

“Báwo ló ṣe máa dé ibí?”

“Kí wọ́n fi ránṣẹ́.”

Inú bí mi. Òótọ́ ló sì sọ. Èmi fúnra mi ti ka òfin yẹn fáwọn ẹlòmíràn rí, pẹ̀lú ohùn tíṣà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan fi ìwé náà ránṣẹ́. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, ìwé náà pẹ̀lú kò tíì dé.

Nígbà tó sú ìyá mi, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ télọ̀.

“Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọn èyí, kí o rán an, kí n rí i sin,” ni ìyá mi wí, wọ́n nawọ́ sí mi.

Télọ̀ bọ́ okùn ìwọ̀n kúrò lọ́rùn, ó gbé e sílẹ̀.

“Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò lè wọn alààyè fún òkú.”

Ìyá mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n tún fọwọ́ kan èjìká mi.

“Fi sílẹ̀. Apá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gùn ju ti èyí lọ.”

Wọ́n gba aṣọ wọn láìgé, a sì lọ sílé.