Màmá Ìfọ́n Mélòó Ló Wà?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí balẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn ọjọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi pa ìyá oníyàá. Títí dòní, bí mo bá rántí, àyà mi á já!

Ayé ológun ni. Èmi ni mò ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ní ọsibítù aládàáni kékeré kan ní Ọ̀wọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà o! Páálí, bírò àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin la ní.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń lọ kàwé dípúlómà. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní sístẹ́ẹ̀mù, ìyẹn bí iṣẹ́ ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn, sọ pé nǹkan á wọlé, a ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, nǹkan á sì jáde. Ó ní bí a bá da òkúta sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta, ká má retí ata. Ó tún ní ìròyìn gbọ́dọ̀ padà wá sọ fún wa bóyá ohun tó jáde dáa, pé fídíbáàkì nìyẹn. Mo gba máàkì tó jọjú, mo bá ń yan kiri bí ọ̀mọ̀wé.

Àmọ́ nílé wa, ta ló ń wojú àgbà kó bi í pé kí lorúkọ ẹ? Bàbá mi á gbá mi létí! Torí náà, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ìyá àgbà ni mò ń kọ sí káàdì: Ìyá Sikírù, Màmá Tíṣà, Màmá Ìfọ́n. Ṣebí a mọ ara wa?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan wọlé, àdá ti ṣá a lẹ́sẹ̀ lóko. Ó ní òun ni Màmá Ìfọ́n. Ebi ń pa mí, mo kàn fa káàdì Màmá Ìfọ́n tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ yọ, mo fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì.

Kò pẹ́ ni ìyá mìíràn dé. Ó ní òun ni Màmá Ìfọ́n, pé ikọ́ òun ti padà dé.

Háà! Méjì kẹ̀?

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Káàdì Màmá Ìfọ́n mìíràn tó kù níbẹ̀ ni wọ́n fi bírò pupa kọ sí pé ẹni yìí kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì láéláé, pé ó lè pa á. Mo bi ìyá oníkọ́ bóyá abẹ́rẹ́ yìí ti dà á láàmú rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń gbà á bí ẹni mu omi.

Yéè! Ìyá elẹ́sẹ̀ ló ni bírò pupa, pẹnisílíìnì sì ni nọ́ọ̀sì máa ń gún fún ojú egbò!

Mo sáré. Sálúbàtà mi kan já sọ́nà, mi ò wẹ̀yìn. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ti fi òwú nu ìdí màmá, abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má gún un! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un!”

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì dúró lókè. Ó ní òun kúkú bi màmá bóyá àwọn ni Màmá Ìfọ́n, wọ́n sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n ṣe fídíbáàkì, ó tún gbe àṣìṣe mi lẹ́yìn, torí òkúta ni mo dà sẹ́nu ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo wó lulẹ̀, mo bú sẹ́kún. Mo ṣàlàyé fún màmá pé torí mi ò fẹ́ rí wọn fín ni mi ò ṣe béèrè orúkọ wọn.

Màmá na ọwọ́ fà mí dìde.

“Ọmọ mi, Felíṣíà ni wọ́n sọ mí nígbà ìrìbọmi. Orúkọ mi ò le. O ò bi mí ni.”

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń kúnlẹ̀ fún àgbà dáadáa. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti ń béèrè orúkọ, orúkọ bàbá, àti agbo ilé. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí kì í béèrè lè sin èèyàn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti tijú àtibéèrè rí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di wàhálà? Ẹ sọ tiyín fún mi, kó má jẹ́ pé èmi nìkan ni ojú ti.