Ẹ̀fọ́ Ìyá Mi Kọjá, Èmi Kò Kọjá

Òórùn ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí ló máa ń mú mi rántí ọdún Kòrónà, nígbà tí mo dá wà nínú yàrá kan tí mo háyà n'Ìwó. Ìyá mi wà ní Ilé-Ogbó nídìí oko wọn, níbi tí ọ̀kadà kì í pẹ́ gbé èèyàn dé, ṣùgbọ́n ìjọba ti gbé igi dí ọ̀nà nítorí àrùn náà. Ọkọ̀ tó kó oúnjẹ lè kọjá. Ẹni tó fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ sọ fún mi, òfin wo nìyẹn? Mo bá ọlọ́pàá ibẹ̀ jiyàn títí ohùn mi fi há. Kí fóònù ìyá mi tó kú, wọ́n ní kò sóníbàárà, ẹ̀fọ́ ń jẹrà sóko. Láti ìgbà náà, n kò mọ̀ bóyá ara wọn le.

N'Ìwó, ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ kan náà. Mo dúró níwájú ọlọ́jà kan lọ́jọ́ kan, mo là á yé e bó ṣe ń rẹ́ wa jẹ, látorí owó ọkọ̀ dórí èrè.

"Bùrọ̀dá alákọ̀wé, ẹ kúkú lọ rà á ní Ilé-Ogbó. Ẹ bá wa kí ọlọ́pàá o!"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo wolẹ̀, ojú mi sì bọ́ sára ìdì ẹ̀fọ́ náà. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń dì í. Aṣọ àlòkù tí wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára tirẹ̀, wọ́n ta á ní kókó méjì. Ìyá mi nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọwọ́ ta lẹ ti rà á?"

"Ìyá àgbà kan ni, lẹ́yìn igi tí wọ́n fi dí ọ̀nà. Wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má tà á ní ọ̀wọ́n, pé ọmọ àwọn wà n'Ìwó, ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Àwọn ìyá yìí náà!"

Èmi ni ọmọ tí wọ́n ń wí. Mo ra gbogbo èyí tó kù, n kò ná an. Nínú yàrá mi, mo tú kókó aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbọn erùpẹ̀ oko wa kúrò. Ẹ̀fọ́ kún ìkòkò, kò sí ẹni tí n ó bù fún.

Ọ̀nà ti ṣí tipẹ́, mo sì ti ń lọ wo ìyá mi, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Ọlọ́jà yẹn gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó sì tún fowó lé e. N kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó ti yé mi pé kì í ṣe ọ̀wọ́n ọjà ni mo bá jà lọ́jọ́ yẹn. Iwájú igi yẹn ni mo ti ń jiyàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá mi dúró sí, wọ́n ń bẹ ẹni ẹlẹ́ni nítorí mi. Àwọn tó gbé igi náà síbẹ̀ ka ẹ̀fọ́ kún ohun tí ìlú kò lè ṣe aláìní. Kò sẹ́ni tó ka ìyá kún un.